Apá Tí Kò Mọ Iná

Ìyàwó kì í tú ìdè kúrò lápá. Ohun tó ń bí Ìyáálé nínú gan-an nìyẹn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga oníke. Yàrá náà gùn, ó sì tóóró. Fèrèsé méjì ló ní, ọ̀kan kì í ṣí. Àárín yàrá ni ẹ̀rọ lésà wà, tó rí bí àpótí aṣọ tí wọ́n fi dígí ṣe ọmọrí rẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọn á tẹ́ ọ̀rá kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oyin sórí pẹpẹ inú ẹ̀rọ, wọn á pa ọmọrí dé, iná tín-ín-rín kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ, sáré bọ̀ lórí ọ̀rá náà bí ẹni ń hun ẹní. Ibi tí iná bá gbà kọjá á di èédú, dúdú kirikiri, á múlọ́ bí aṣọ àrán. Kì í ṣe èédú lásán o. Iná bátìrì lè gba inú rẹ̀ kọjá, bó bá sì ti ń kọjá, èédú náà á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aránṣọ á wá rán ọ̀rá náà sínú aṣọ, á di ìdè orúnkún fún àwọn arúgbó tí òtútù ń bá eegun wọn jà.

Obìnrin méjì ló ń fín èédú níbẹ̀, Ìyáálé àti Ìyàwó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló fẹ́ wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé ni gbogbo ibi iṣẹ́ ṣe ń pè wọ́n. Ìyáálé ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ náà. Òun náà ló mú Ìyàwó wá, tó dúró níwájú Ẹnjiníà tó ni ibẹ̀, tó ní, "Ẹ gbà á sà, ó níwà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́." Ní báyìí, bó bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, àfi bíi kó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Ẹnjiníà ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá fín ìdè ni yóò kọ́kọ́ dè é. Bí ọ̀rá bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, ẹni tó fín in á na apá, wọn á fi aṣọ dè é mọ́ inú apá rẹ̀ níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, wọn á so bátìrì mọ́ ọn, á sì jókòó sórí àga fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jó o, á pariwo, wọn á tú u, wọn á sì gé e sọnù.

"Mítà kò ní awọ lára," bí Ẹnjiníà ṣe máa ń wí nìyẹn. "Mítà á sọ fún ọ pé gbogbo ẹ̀ ń lọ déédéé, kò ní sọ fún ọ pé ibì kan ń jó. Awọ èèyàn ni kò mọ irọ́ pa."

Nínú mẹ́wàá tí Ìyáálé bá fín, ó lè tú mẹ́ta. Ìkánjú ló ń bá a jà. Kò ní sùúrù láti tẹ́ ọ̀rá kó dọ́gba. Bó bá sì ti lọgun báyìí, ẹnu Aránṣọ kì í gbófo.

"Ìyáálé, ṣé ìdè lẹ fín ni, àbí ẹ fẹ́ yan ara yín jẹ?"

"Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Mo fi yín sílẹ̀ kẹ̀. Ẹ wo Ìyàwó. Oṣù mọ́kànlá, ẹyọ kan kò jó o rí. Bó ṣe máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, bí ẹni ń gba atẹ́gùn."

Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má dá Aránṣọ lóhùn, Ìyáálé mi. Abẹ́rẹ́ tó ń gún un lọ́wọ́ ló ń fa gbogbo ẹnu yẹn."

Ọjọ́ Ajé kan ni Ẹnjiníà pè wọ́n jọ. Ó ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan fẹ́ máa gba ìdè lọ́wọ́ àwọn lóṣooṣù, òun sì ti ní kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ tuntun bọ̀. Ẹ̀rọ náà ló ń gbé ọ̀rá fúnra rẹ̀, ẹnì kan péré ni yóò máa dúró tì í.

"Nọ́ọ̀sì àgbà wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Bó bá ti lọ, mo máa sọ ẹni tó máa dúró, ẹnì kejì á máa lọ sílé. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rọ ò lè ní ìyá méjì."

"Ẹ kúkú sọ ọ́ báyìí," Aránṣọ wí láìgbójú sókè. "Ta ni kò mọ ẹni tí kì í tú ìdè?"

Ọkọ Ìyáálé ti jókòó sílé láti ìgbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa. Àmọ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń rò. Ohun tó ń rò ni àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyàwó yóò múra kọjá níwájú yàrá òun, tí yóò kúnlẹ̀ kí òun pé "Ó dàbọ̀ o," tí yóò sì máa lọ síbi iṣẹ́. Ilé tí ìyáálé bá ti ń ṣọ́ ilé, tí ìyàwó ń jáde lọ wá owó, ta wá ni ìyáálé níbẹ̀?

Ó sì mọ ohun kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀ nínú yàrá yẹn. Apá òsì Ìyàwó ti kú. Ó ń gbé e, ó ń ká a, ó ń fi di nǹkan mú, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan, láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìkòkò omi gbígbóná wà lórí iná lẹ́yìnkùlé, ọmọbìnrin Ìyáálé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ó rá lọ, ó fa igi ìdí iná. Ìyàwó tó ń ṣa aṣọ lórí okùn ló sáré, ó ti apá bọ àárín ọmọ àti ìkòkò. Kò sí àpá bí orí abẹ́rẹ́ lára ọmọ náà títí di òní. Apá Ìyàwó bó. Nígbà tó san, awọ tuntun bò ó, ó ń dán díẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó fi òróró pa á ni. Ìyáálé ti rí i lọ́jọ́ kan tí èèrùn ń bu apá yẹn jẹ tí kò mọ̀. Ó bá a gbọ̀n ọ́n dànù, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Apá òsì yẹn ni Ìyàwó máa ń nà fún ìdè, nítorí ọ̀tún ló fi ń ṣiṣẹ́.

Títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìyáálé ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ṣe Ìyàwó níbi. Òun kàn fẹ́ kí òótọ́ hàn ni. Ẹni tí kò mọ iná, ó ha yẹ kó máa wọn iná fún ìyá oníyàá? Bó bá jẹ́ òtítọ́ nìkan ló ń fẹ́, ì bá ti pe Ẹnjiníà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un. Kò pè é. Bó bá pè é, Ẹnjiníà á bi í léèrè bí apá ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì àgbà dé, obìnrin gbẹrẹgẹdẹ kan tó so aago mọ́ àyà. Ìyáálé ló kọ́kọ́ fín tirẹ̀. Ó fi sùúrù tẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, ó dè é, ó móoru dáadáa, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, kò pariwo. Ó wá kan Ìyàwó.

"Lọ fọwọ́ ẹ," Ìyáálé wí fún un. "Jẹ́ n bá ọ tẹ́ ọ̀rá."

"Ẹ ṣé o, Ìyáálé mi."

Iná lésà kò fẹ́ kí ọ̀rá sún mọ́ òun jù. Bó bá sún mọ́ ọn, á gé e bí abẹ dípò kó sun ún, èédú ibẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ibi tí èédú bá ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni iná bátìrì á ti máa fún ara rẹ̀ bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró, ibẹ̀ á sì máa gbóná ju ibi tó kù lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹpẹ láràárọ̀. Ìyáálé ká páálí kékeré kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tì í sábẹ́ igun kan, ó tẹ́ ọ̀rá lé e, ó sì pa ọmọrí dé. Nígbà tí ẹ̀rọ parí, òun náà ló yọ ọ̀rá. Ó fi páálí sápò.

"Na apá," ó wí.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ yín—"

"O fẹ́ gbà á ṣe kí ni? Ṣé o ò rí i pé àlejò ń dúró ni? Na apá, jàre."

Ìyàwó na apá òsì. Ìyáálé dè é, ó dè é le dáadáa, ó so bátìrì mọ́ ọn.

Ìyàwó jókòó, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì àgbà. Bó ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ni ọjọ́ òun, ó fẹ́ kí inú àlejò dùn.

"Ṣé ẹ rí ìdè yìí, mà? Mo mú ọ̀kan lọ fún ìyá ọkọ wa. Mo ní, 'Ìyá, ẹ dè é mọ́ orúnkún yín.' Wọ́n gbàdúrà fún mi títí. Ìgbà tí mo máa ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò rí ìdè lórúnkún. Mo ní, 'Ìyá, ìdè dà?' Wọ́n ní wọ́n ti tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹyin adìyẹ. Wọ́n ní orúnkún àwọn ti ń dun àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti mọ́ àwọn lára, ẹyin ni kò lè fara da òtútù!"

Nọ́ọ̀sì àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnjiníà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyáálé rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ojú rẹ̀ ń bẹ lára aago ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Ṣé ẹyin náà pa?" nọ́ọ̀sì àgbà béèrè.

"Ó pa o, mà! Mẹ́fà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni Ìyá fi orúkọ mi pè."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Aránṣọ gbé imú sókè.

"Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni," Ìyáálé dáhùn. "Ọ̀rá tí mo yọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù ni."

Ẹ̀rọ náà máa ń rùn lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Ìyáálé rí i tí etí aṣọ ìdè náà ń rin, bí ìgbà tí omi ń jò díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lè sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò wú, ohùn rẹ̀ kò há. Ó lè ní, "Tú u, ó tó." Ó wo Ìyàwó tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣàpèjúwe bí adìyẹ ṣe ń rìn. Ó gbé ojú padà sára aago.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, nọ́ọ̀sì àgbà dìde láìparí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹni tó ti ń tọ́jú ọgbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣi òórùn ara èèyàn mọ̀.

"Ẹ tú ìdè yẹn. Ẹ tú u kíákíá!"

Wọ́n tú u. Awọ tẹ̀lé ọ̀rá, ó bó bí èèpo tòmátò tí wọ́n ti inú omi gbígbóná yọ. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì funfun láàárín. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ìyàwó wo apá náà, ó wo ojú gbogbo wọn, ó wo aago.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ó pé. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì àgbà yọ píìnì láyà aṣọ rẹ̀, ó fi gún apá náà lókè ibi tó bó.

"O mọ èyí?"

"Rárá, mà."

"Èyí ńkọ́?"

Ìyàwó mi orí.

Ẹnjiníà rọra jókòó. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"Ó ti pẹ́! Oṣù mọ́kànlá lo ti ń na apá tó ti kú fún mi! Ìdè tí o fín wà lórúnkún àwọn ìyá wa!"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, sà. Mo máa ń so bátìrì mọ́ ọn, màá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ káàkiri kí n tó dè é. Bó bá jó mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo máa ń gé e sọnù fúnra mi. Tòní nìkan ni mi ò..." Ó wo Ìyáálé, kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," Aránṣọ wí. "Mo máa ń rí i. Èmi rò pé ó ń fẹnu ko iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, mo ní ìgbéraga yìí mà pọ̀."

"Kí ló ṣe apá yẹn?" Ẹnjiníà béèrè.

Ìyáálé ni Ìyàwó kọjú sí. A kì í fi ẹnu ara ẹni ka oore lójú ẹni tí a ṣe é fún. Ó ń dúró kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnjiníà náà wo ibi tí Ìyàwó ń wò.

"Ìyáálé, ilé kan náà lẹ jọ ń gbé. Kí ló ṣe é?"

"Èmi?" Ìyáálé wí. "Èmi ò mọ̀ o, sà. Bó ṣe gbé e wọlé ọkọ nìyẹn."

Ojú Ìyàwó kò kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí. "Bí mo ṣe gbé e wá nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì àgbà fi aṣọ funfun di apá náà, ó fún un ní agolo oògùn ìpara kékeré kan. Ẹnjiníà ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ìdè tí Ìyàwó ti fín ṣì wà nínú àpótí, wọn kò tíì gbé wọn jáde.

"Ìyáálé, ìwọ lo máa de gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan kò bá jó ọ, á jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, màá pe Ìyàwó padà, òun náà ni màá sì fi sídìí ẹ̀rọ tuntun. Bí èyí tó ń jó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ kí n rí ojú ibi tó ti jó ọ. Mi ò ní gba ẹjọ́ ẹnu."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyáálé jókòó sórí àga lọ́jọ́ Ajé, tó na apá. Àkọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń sún mọ́ bátìrì, ó ń tẹ ìdè mọ́ra, ó ń wá èyí tí yóò jó o bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Kò rí i. Gbogbo wọn dọ́gba, láti igun dé igun, wọ́n ń lọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ìyá lórí ikùn ọmọ tí inú ń run. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú lọ́wọ́ ọ̀sán, ó ku mẹ́rin nínú àpótí.

"Ṣé ó ti jó ọ?" Ẹnjiníà béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku mẹ́rin, sà."

"Áà. A jẹ́ pé mo ṣẹ obìnrin yẹn nìyẹn."

Nígbà tí Ẹnjiníà ti sọ̀ kalẹ̀, Ìyáálé kọ ẹ̀yìn sí Aránṣọ, ó mú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tú òwú rẹ̀ níbi igun, ó ti èékánná bọ inú rẹ̀, ó ha èédú ibẹ̀ díẹ̀, ó ha á sí i, títí tó fi kù bí okùn aláǹtakùn. Ó pa igun náà dé. Ó dè é mọ́ apá.

Apá tirẹ̀ mọ iná. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi mọ̀ ọ́n dé egungun. Ó ki etí gèlè bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ kejì fẹ́ tú u, ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá tú u kó tó léròrò, yóò kàn pọ́n, pípọ́n náà á sì lọ kí Ẹnjiníà tó gòkè. Nígbà tó tú u, ó ti léròrò, ìléròrò náà tó owó ẹyọ, omi sì kún inú rẹ̀.

Ẹnjiníà wò ó, ó mi orí.

"Pẹ̀lẹ́. Ó tó. Mi ò tún ní pe Ìyàwó mọ́."

Ó mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì Aránṣọ, ó sì gé ọgbọ̀n ìdè náà fúnra rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí kò lábùkù pẹ̀lú ẹyọ kan. Àjákù dúdú kún ilẹ̀. Nígbà tó jáde, Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Ìyáálé."

"Kí ni?"

"Ẹ ò pariwo. Ìgbà wo ni nǹkan ti ń jó yín tẹ́ ẹ kì í pariwo?"

Ìyáálé gbá àjákù náà jọ. Aránṣọ wò ó títí tó fi gbá a tán, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà ní àwọn tó ń bọ́.

Nígbà tí Ìyáálé délé, oòrùn kò tíì wọ̀. Ìyàwó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ kan fọ aṣọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí aṣọ kó lè fún un. Ó rí apá Ìyáálé kí Ìyáálé tó bò ó.

"Kí ló ṣe yín?"

"Ìdè ni."

"Tèmi?"

"Tìrẹ."

Ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ìyáálé mi. Mo búra pé mo gbé gbogbo wọn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà ti ń kú. Ọpẹ́lọpẹ́ yín tẹ́ ẹ dè é. Orúnkún ìyá oníyàá ni ì bá jẹ́."

Ó wọlé, ó gbé agolo oògùn tí nọ́ọ̀sì àgbà fún un jáde. Oògùn náà ti ń tán lọ. Ó fi ìka ro ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fi pa apá Ìyáálé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i.

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ na apá dáadáa."

Ìyáálé na apá.